Ká Tún Un Ṣe, Ká Fi Pààrọ̀, Tàbí Ká Ra Tòkunbọ̀ Mìíràn?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa ní Kánò

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò le, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó wa. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, tàbí tí Kérésìmesì bá ku bí oṣù méjì, ìwé ìyáwó máa ń pọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló sì máa ń wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹnì kan á ní ẹ́ńjìnnì òun ti kú, òun fẹ́ tún un ṣe. Ẹnì kejì á ní oníṣòwò ọkọ̀ kan ti ṣetán láti gba ti ọwọ́ òun, kí òun fi owó lé e, kí òun mú òmíràn. Ẹnì kẹta á ní òun ti rí tòkunbọ̀ kan, pé bí òun kò bá sanwó lọ́la, ẹlòmíràn á gbé e lọ. Àwa tí ẹ yàn sípò yìí á wá jókòó, a ó máa ronú èwo ni kí a fọwọ́ sí.

Owó ta ni à ń yá ara wa? Owó àwọn ìyá tó ń tajà láti àárọ̀ di alẹ́ ní Sabon Gari ni, owó àwọn télọ̀, owó àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Bí owó bá há sínú ọkọ̀ tí kò ṣe é gùn, tí kò sì ṣe é tà, ọmọ ẹlòmíràn ni kò ní rí owó ilé ìwé yá.

Nǹkan kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí kò tó 200 náírà lítà kan kí wọ́n tó kéde ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kan náà ni wọ́n dá náírà sílẹ̀ kó máa bá dọ́là jà fúnra rẹ̀, ó sì já wálẹ̀. Tòkunbọ̀ sì rèé, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á lókè òkun. Owó tó ń ra odindi ọkọ̀ nígbà náà kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, àṣìṣe tí ẹnì kan lè fi ọdún kan bọ́ nínú rẹ̀ láyé ìjọ́sí lè gba ọdún márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Iṣẹ́ wo ni ọkọ̀ náà fẹ́ ṣe?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ náà ló yẹ ká wò ká tó nawó sórí ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé nínú ìgboro Kánò yàtọ̀ sí èyí tó ń kó ẹrù lọ sọ́jà. Méjèèjì sì yàtọ̀ sí èyí tí yóò gbé ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin lọ sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: púpọ̀ nínú wa ń ra ọkọ̀ nítorí ìrìnàjò ilé, ìrìnàjò tí a ń lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ojú ilé ń wò wá. Bí ẹni tó ti lo ogún ọdún ní Òkè Ọya bá wọ bọ́ọ̀sì wálé, àwọn kan á máa wojú ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wojú ara wọn kọ́ ni yóò bá wa san gbèsè. Bí ó bá jẹ́ pé ìrìnàjò ilé nìkan ni ọkọ̀ wà fún, ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó bọ́ọ̀sì gbogbo ìdílé ní àlọ àti àbọ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí tí a fẹ́ ṣe yìí, kì í ṣe iye ọjà. Kí oníkálukú fi iye tirẹ̀ rọ́pò nígbà tó bá délé.

Ká ní ọkọ̀ wa àtijọ́ nílò àtúnṣe tí yóò gba 900,000 náírà. Oníṣòwò kan ní òun yóò gbà á ní 2,500,000, kí a mú èyí tó dára jù ú lọ ní 6,500,000. Ìyẹn ni pé a ó fi 4,000,000 lé e. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kì í dá wá sílé. A ó yí orúkọ inú ìwé padà, a ó pààrọ̀ ọ́ìlì, a ó ra táyà, a ó ra bátìrì, a ó tún bíréèkì ṣe. Ká fi 700,000 sí i fún ìwọ̀nyí. Ó di 4,700,000. Bí a bá yọ 900,000 tí à bá fi tún ti àtijọ́ ṣe, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ 3,800,000 náírà.

Ẹni tó fẹ́ rà á yóò ní, “Ṣùgbọ́n èyí kì í mu epo bíi ti tẹ́lẹ̀.” Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìyẹn náà. Ká ní ti àtijọ́ ń mu lítà 12 fún 100 kìlómítà, tí tuntun ń mu lítà 9. Bí a bá ń rin 1,500 kìlómítà lóṣù, lítà 45 ni yóò ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́. Bí epo bá jẹ́ 1,000 náírà lítà kan, 45,000 náírà nìyẹn lóṣù. Kí 45,000 tó pé 3,800,000, yóò lé ní oṣù 84, ìyẹn ọdún méje. Láàárín ọdún méje, tòkunbọ̀ náà á ti di àgbà. Epo nìkan kò tó ìdí láti pààrọ̀ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ yí ìṣirò náà padà wò. Bí 900,000 yẹn bá jẹ́ ohun tí à ń ná ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin, 2,700,000 ni lọ́dún kan, 5,400,000 sì ni lọ́dún méjì. Ó ti ju 4,700,000 tí à bá fi mú òmíràn lọ, ọkọ̀ àtijọ́ náà ṣì wà lórí bíríìkì ní gáréèjì. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: kì í ṣe iye àtúnṣe tòní nìkan là ń wò, bí àtúnṣe ṣe ń tẹ̀lé ara wọn náà ṣe pàtàkì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀. Ọjọ́ tí a tún un ṣe, ohun tó bàjẹ́, iye tí a san, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ ọ́ kò lè mọ iye tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ, ẹnu mẹkáníìkì ni yóò máa gbọ́.

Ìgbà tó yẹ ká tún un ṣe, àti ìgbà tó yẹ ká fi í sílẹ̀

Ọkọ̀ tí a ti ń lò fún ọdún mẹ́jọ, a mọ ìwà rẹ̀. A mọ ìgbà tí a pààrọ̀ béètì rẹ̀, a mọ pé ọkọ̀ náà kò ní jàǹbá rí. Bí ohun tó ṣe é bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó yé ni, bíi ráídétọ̀, ṣọ́ọ̀kì, kíláàṣì tàbí bíréèkì, tí ìyókù ara rẹ̀ sì le, àtúnṣe ló dára jù.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà nìkan jẹ́ ẹni tí yóò sọ ohun tó ṣe ọkọ̀. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kejì, ẹ san owó àyẹ̀wò fún un, ẹ má sì sọ ohun tí ti àkọ́kọ́ wí. Bí mẹkáníìkì kan bá sọ pé ọkọ̀ yín kò ṣe é tún ṣe mọ́, tó sì tún ní òun mọ ẹni tí yóò rà á, ẹ dúró ná.

Ohun díẹ̀ wà tí a lè fi ojú ara wa rí. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá funfun bíi tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti ń wọ inú rẹ̀. Bí èéfín ẹ̀yìn bá búlúù, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jó. Bí ó bá dúdú, epo ló ń pọ̀ jù. Bí ọ́ìlì gíà bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, gíà ti ń lọ.

Bí wọ́n bá ní kí a ra ẹ́ńjìnnì bẹ́líjíọ̀mù sí i, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kó kọ iye ọjọ́ tí yóò fi dúró lé e. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì padà nínú ìwé ọkọ̀. Ọlọ́pàá tó bá rí i pé nọ́ńbà inú ìwé kò bá ti ara ẹ́ńjìnnì mu lè dá yín dúró lójú ọ̀nà.

Ohun mẹ́rin ló lè mú kí a sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Èkíní, bí ẹ́ńjìnnì àti gíà bá jọ ń ṣàìsàn pọ̀. Èkejì, bí ṣáásí bá ti tẹ̀ tàbí tó ti dógùn-ún jẹ. Ẹ̀kẹta, bí ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé oṣù kan la fi ń wá ohun kan. Ẹ̀kẹrin, bí ọkàn wa kò bá balẹ̀ mọ́ láti kó ọmọ wa sínú rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò.

Bí a bá fẹ́ fi pààrọ̀

Ẹni tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wa tó sì ń ta òmíràn fún wa, iye méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè gba ti wa ní owó gidi kó inú wa dùn, kó wá gbé owó lé èyí tó fẹ́ tà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé pààrọ̀ lẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ béèrè iye tó ń ta tirẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ san owó lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi ọkọ̀ yín han ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó lè rà á, kí ẹ gbọ́ iye tí wọ́n dá lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè jókòó sọ̀rọ̀ pààrọ̀. Ohun tí ẹ ó fi lé e nìkan ni kí ojú yín wà lára rẹ̀.

Ọkọ̀ tí ẹ bá ti fi sílẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n yí orúkọ yín kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ẹ kọ ìwé títà, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Bí ẹni tó gbé e lọ bá fi pa ènìyàn tàbí tó fi jalè, orúkọ tó wà nínú ìwé ni wọn yóò kọ́kọ́ wá.

Bí a bá fẹ́ ra tòkunbọ̀

Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé là ń pè ní Tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ ni kí ọkọ̀ tó gbà á. Bí a kì í sì í fi ojú lásán mọ ohun tí ọmọ náà rí lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀. Iná àti ọ̀dà ara rẹ̀ lè máa dán, kó jẹ́ pé omi ti bò ó mọ́lẹ̀ rí. Ìjì Katrina ní ọdún 2005, Sandy ní 2012 àti Harvey ní 2017 ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ jẹ́ ní Amẹ́ríkà, a sì mọ̀ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ ọjà padà. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, kí ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbóòórùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú: níbi tí yìnyín ti ń bọ́ lókè òkun, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀.

Nọ́ńbà ṣáásí máa ń ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àti èyí tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀; bí ẹ bá rí ọ̀kan níbẹ̀, ìwé náà ní àbùkù. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú rẹ̀ ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 5 dúró fún 2005, 9 fún 2009, A fún 2010, B fún 2011. Bí ẹni tó ń tà á bá pè é ní 2011 tí ẹ sì rí 7, ọdún mẹ́rin ló fẹ́ fi tà yín. Ọmọ wa tó wà lókè òkun lè bá wa fi nọ́ńbà náà wo ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó díẹ̀.

Ẹ dé ibẹ̀ ní àárọ̀ kí wọ́n tó tan ọkọ̀ náà, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì bóyá ó tutù. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gbóná sílẹ̀ dè yín lè máa fi nǹkan pamọ́. Ẹ rántí pé máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà: 100,000 máìlì jẹ́ bíi 160,000 kìlómítà. Ẹ wo táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà ní òpin ọ̀rọ̀ DOT tó wà lára rẹ̀. 3522 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti gbó, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́, kì í bá ooru oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin wa níhìn-ín ṣeré.

Ìwé aṣọ́bodè ńkọ́? Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń ra ọkọ̀ ní Kùtọnu, tí wọ́n ń gbé e gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé tàbí tí wọ́n ń gbé e gba Nìjẹ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, èbúté nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gba inú igbó wọlé lè dẹwọ́ lówó, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí yóò dá owó padà. Ẹ má ra ọkọ̀ tí wọ́n ní “ìwé rẹ̀ ń bọ̀.” Bákan náà, ẹ ṣe ìnṣọ́ránsì gidi. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni ti ẹni-kẹta fún ọkọ̀ aládàáni ti kúrò ní 5,000 di 15,000 náírà. Ẹ má tìtorí owó yẹn ra ayédèrú.

Ọ̀nà ilé jìn

Láti Kánò dé Ìbàdàn, a ó gba Zaria àti Kàdúná kọjá, lẹ́yìn náà Tegina, Mokwa, Jẹ́bà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn mìíràn ti yà sí ọ̀nà Àbújá àti Lọ́kọ́ja nítorí àwọn agbéniyàn ní agbègbè Birnin Gwari. Èyíkéyìí tí a bá gbà, gbogbo wa mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá kú ní ìrọ̀lẹ́ níbi tí ilé kò sí lè gba ohun tí owó kò lè rà padà.

Nítorí náà, ẹ má ra ọkọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí ọdún kí ẹ sì kó ẹbí sínú rẹ̀. Ẹ rà á ní ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹ fi lọ sí Wudil, kí ẹ fi lọ sí Zaria, kí ẹ fi lọ sí Kàdúná kí ẹ padà. Ohun tó bá fẹ́ bàjẹ́, kó bàjẹ́ nítòsí ilé. Bákan náà ni ọkọ̀ àtijọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ọyẹ́ ìhín kún fún eruku, ẹ pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ lóṣù Kejìlá. Ẹ yan irú ọkọ̀ tí mẹkáníìkì Mokwa mọ̀, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà ní Kofar Ruwa bó ṣe wà ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ gbayì lójú àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n yóò gbé wa délé.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ yá owó nítorí ọkọ̀ yóò mú ìwé mẹ́ta wá pẹ̀lú orúkọ onídùúró rẹ̀. Ìkíní ni àkọsílẹ̀ mẹkáníìkì tí kì í ṣe òun ni yóò gba iṣẹ́ náà, tí kì í sì í ṣe òun ló ń ta ọkọ̀. Ìkejì ni iye ọkọ̀ tàbí iye àtúnṣe ní àkọsílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé aṣọ́bodè bó bá jẹ́ tòkunbọ̀. Ìkẹta ni ìṣirò oṣù méjìlá: ohun tí yóò wọlé, ohun tí ọkọ̀ yóò jẹ, ohun tí yóò ṣẹ́kù fún oúnjẹ àti owó ilé ìwé. A fẹ́ kí ọkọ àti aya jọ fọwọ́ sí ìkẹta yìí, nítorí inú ìkòkò kan náà ni owó ti ń jáde.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní a fẹ́ dí àwọn lọ́nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yìí tó sì rí i pé ó yẹ kí òun ra òmíràn, a ó bá a yọ̀, a ó sì yá a lówó. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá sọ pé kó tún ti àtijọ́ ṣe, kí ojú má tì í. Ìbéèrè méjì péré ni kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dáhùn fún wa: Ṣé yóò gbé wa lọ, kó sì gbé wa bọ̀? Lẹ́yìn tí a bá ti sanwó rẹ̀ tán, kí ni yóò kù sí wa lọ́wọ́?

Ilé lábọ̀ sinmi oko. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ wa, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ wa. A kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.